Ajá Wà Lórí Okùn, Drone Wà Lódìkejì Ààlà

Aago 4:40 ìdájí

Ẹ̀gbọ́n ti wọṣọ tán kí n tó jí. Mo bá wọn nídìí tábìlì ilé ìdáná, wọ́n ń da tíì gbígbóná sínú fùláàsì. Wọ́n wò mí láti òkè dé ilẹ̀, wọ́n bú sẹ́rìn-ín.

"Ẹ̀wù yìí lo fẹ́ wọ̀ lọ? Òtútù á gbé ọ mì."

Wọ́n fa ẹ̀wù àwọ̀lékè kan yọ fún mi, àwọ̀ rẹ̀ ń tàn bí ọsàn tó pọ́n jù. Ní Michigan, ẹni tó bá ń ṣọdẹ lásìkò ìbọn gbọ́dọ̀ wọ irú àwọ̀ yìí, kí ọdẹ ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ má baà pè é ní ẹran. Àgbọ̀nrín kì í rí àwọ̀ náà bí àwa èèyàn ṣe ń rí i, nítorí náà kò dí ọdẹ lọ́wọ́.

Ọjọ́ 15 oṣù kọkànlá ni Michigan máa ń ṣí igbó fún ìbọn lọ́dọọdún, ọjọ́ 30 ni wọ́n sì ń tì í. Ọjọ́ yòówù kó bọ́ sí láàárín ọ̀sẹ̀, kì í yẹ̀. Àwọn ilé-ìwé kan tilẹ̀ máa ń fún ọmọ ní ìsinmi, bí ẹni ń ṣọdún Iléyá.

Èmi kì í ṣe ọdẹ o. Bàbá Ẹ̀gbọ́n ló ṣe é, l'Ókè-Ògùn, pẹ̀lú ṣakabùlà kan àti ajá mẹ́ta. Ẹ̀gbọ́n ní tiwọn ń ṣiṣẹ́ ní ilé-iṣẹ́ tó ń ṣe ẹ̀yà ara mọ́tò, ilé wọn sì wà ní ìgbèríko Lenawee, ní gúúsù Michigan pátápátá. Béèyàn bá wakọ̀ nǹkan bíi máìlì méjì sí ìsàlẹ̀ lẹ́yìn ilé wọn, Ohio ló bọ́ sí yẹn. Ẹ fi ààlà náà sọ́kàn, òun ló da ọjọ́ yìí rú.

Aago 6:25

Bàbá wọn ń pe ibi tí ọdẹ ń gùn jókòó lórí igi ní ègùn. Ègùn náà ni Ẹ̀gbọ́n ń pe tiwọn, bó tilẹ̀ jẹ́ pé irin ni, tí wọ́n rà á ní ṣọ́ọ̀bù tòun ti bẹ́líìtì tí kò ní jẹ́ kí wọ́n já bọ́. Wọ́n ní kí n jókòó sí ìdí igi, kí n má wúkọ́.

Òfin kò gba ìbọn láyè títí yóò fi ku ìdajì wákàtí kí oòrùn yọ. Nígbà tó ń di aago méje, a bẹ̀rẹ̀ sí gbọ́ ti àwọn ẹlòmíì lọ́nà jíjìn, gbì, gbì, bí ẹni ń ti ilẹ̀kùn kiri ìlú.

Aago 7:42

Ó jáde láti inú pòròpórò àgbàdo, akọ àgbọ̀nrín, ọrùn rẹ̀ ti wú bí tiwọn ṣe ń wú lásìkò gígùn. Ẹ̀gbọ́n yìnbọn. Kò ṣubú. Ó ká ẹ̀yìn kò bí ẹni tí inú ń run, ó ki ìrù bọ abẹ́, ó sì sá wọ igbó òákù lápá gúúsù.

Mo ti dìde. Mo rò pé a ó lé e ni.

"Jókòó," ni wọ́n sọ láti òkè, wọn ò tiẹ̀ wo ọ̀dọ̀ mi. Wọ́n ń wo aago ọwọ́ wọn.

Aago 8:20

Lẹ́yìn ìdajì wákàtí a lọ síbi tí ọta ti bà á, jẹ́jẹ́, bí ẹni ń wọ yàrá aláìsàn. Ẹ̀gbọ́n bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀. Ìrì ti dì sójú koríko. Lára ewé òákù kan, ewé gbígbẹ tó tẹ́ bí àtẹ́lẹwọ́ ọmọdé, ẹ̀kán ẹ̀jẹ̀ mẹ́ta wà níbẹ̀. Kò pọ́n fòò. Ó ṣú, ó ń lọ sí àwọ̀ obì tó gbó. Irun díẹ̀, aláwọ̀ ilẹ̀, wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Wọ́n fi ìka tọ́ ẹ̀jẹ̀ náà, wọ́n gbé e símú, wọ́n tún gbé e sí tèmi.

"Kí lo gbọ́?"

"Òórùn irin ni, ẹ̀gbọ́n."

"Kò rùn bí ìgbẹ́?"

"Rárá."

"Ẹ̀dọ̀ ni. Mo yìn ín sẹ́yìn jù." Wọ́n dìde, wọ́n gbọn orúnkún wọn. Ojú wọn ti yí padà.

Bí ẹ̀jẹ̀ bá pọ́n rúsúrúsú, tó ń hó bí ọṣẹ, ẹ̀dọ̀fóró ni ọta gbà kọjá, ẹran náà ò ní lọ jìnnà. Bó bá dà bí omi tó láwọ̀ ewé, tí àgbàdo rírún wà nínú rẹ̀, ikùn tàbí ìfun ni, ọdẹ lè dúró wákàtí mẹ́jọ sí méjìlá kó tó gbé ẹsẹ̀. Ẹ̀dọ̀ wà láàárín méjèèjì: wákàtí mẹ́rin sí mẹ́fà. Ẹran tí ẹ̀dọ̀ rẹ̀ bà jẹ́ máa ń fẹ́ dùbúlẹ̀. Bí ẹnikẹ́ni ò bá lé e, ó lè má rin igba yáàdì kó tó wá ibi tó ṣókùnkùn tó máa sùn sí, ibẹ̀ náà ni yóò sì kú sí. Bí wọ́n bá lé e, yóò dìde, yóò máa lọ, ẹ̀jẹ̀ yóò dá, ẹran á sì di ti kòyótì, ìyẹn ẹranko tó jọ ajáko tó kún igbó ibẹ̀.

Nítorí náà ìdúró yẹn kì í ṣe ọ̀lẹ. Àmọ́ nígbà tí mo jókòó síbẹ̀ tí mo mọ̀ pé nǹkan ẹlẹ́mìí kan ń jẹ̀rora nínú igbó tó wà níwájú mi, mi ò lè sọ pé ara tù mí.

Ẹ̀gbọ́n so ègé aṣọ pupa kan mọ́ ẹ̀ka igi lókè ibi ẹ̀jẹ̀ náà, a sì padà sẹ́yìn lójú ọ̀nà tí a gbà wọlé.

Aago 8:55

Ìpè méjì ni wọ́n ṣe. Ìyá olájá ni àkọ́kọ́. Nọ́ńbà wọn wà lọ́wọ́ gbogbo ọdẹ àdúgbò: òyìnbó àgbàlagbà, olùkọ́ tó ti fẹ̀yìn tì, tí ajá wọn mọ tọpa ẹran tó gbọta. Wọ́n láwọn ṣì ní ẹlòmíì lọ́wọ́, àwọn á dé lẹ́yìn ọ̀sán. Wọ́n wá kìlọ̀ lẹ́ẹ̀mejì: kí ẹnikẹ́ni má tẹ ojú ẹ̀jẹ̀ náà.

Ìkejì ni wọ́n ṣe sí ọ̀rẹ́ wọn kan ní Toledo, ní Ohio, ọmọ Ìjẹ̀bú. Ọ̀rọ̀ yẹn ò pẹ́ kó tó gbóná. Ọ̀rẹ́ náà ní drone, ọkọ̀ òfuurufú kékeré tí kò ní awakọ̀ nínú, kámẹ́rà rẹ̀ sì ń rí ooru ara nínú òkùnkùn àti lábẹ́ igi.

"Ẹ jẹ́ kí n wá. Láàárín wákàtí kan mo ti débẹ̀, ìṣẹ́jú mẹ́wàá mo ti rí i."

"Michigan ni mo wà o, kì í ṣe Ohio."

"Ẹ̀gbọ́n mi, ta ló máa rí wa?"

Ẹ̀gbọ́n pa fóònù. "Ọlọ́pàá igbó ló máa rí wa," ni wọ́n sọ fún mi. "Lónìí gan-an. Gbogbo wọn ló wà níta lónìí."

Aago 9:30 sí 12:30

Wákàtí mẹ́ta lórí tábìlì ilé ìdáná, èmi, Ẹ̀gbọ́n, àti ìwé òfin ọdẹ tí wọ́n ń tẹ̀ jáde lọ́dọọdún. Ìyàwó wọn ń din àkàrà. Ibẹ̀ ni mo ti bẹ̀rẹ̀ sí lóye ohun tí a ń dúró dè.

Michigan kò gbà kí ẹnikẹ́ni fi ajá lé àgbọ̀nrín. Ohun tó gbà ni pé kí ajá wá èyí tó ti gbọta tàbí tó ti ṣubú, ó sì fi èyíinì há sáàárín ìlànà. Ajá gbọ́dọ̀ wà lórí okùn. Àwọn tó bá a rìn kò gbọdọ̀ mú ìbọn tàbí ọfà dání. Òfin fi àyè kékeré kan sílẹ̀ fún pípa ẹran tí kò tíì kú, àyè náà sì há. Bó bá di alẹ́, iná tí èèyàn ń fi ọwọ́ mú tàbí tó dè mọ́ra nìkan ló lè lò. Èyí tó pa mí lẹ́rìn-ín jù: ajá tó bá ń gbó bó ti ń tọpa kò gbọdọ̀ ṣiṣẹ́ lórí ilẹ̀ ìjọba. Ajá náà gbọ́dọ̀ mọ ẹnu rẹ̀ dákẹ́.

"Bàbá mi ì bá ya wèrè ńbí," ni Ẹ̀gbọ́n wí. Ajá tiwọn ní ṣaworo lọ́rùn, wọ́n ń tú u sílẹ̀, wọ́n sì ń fi fèrè pè é. Ajá tó máa sọnù kì í gbọ́ fèrè ọdẹ, bẹ́ẹ̀ la ṣe ń wí. Èyí tó wà lórí okùn kò nílò fèrè.

Ti drone yàtọ̀. Láti 1971 ni òfin ìjọba àpapọ̀ Amẹ́ríkà ti ní kí ẹnikẹ́ni má yìnbọn pa ẹran tàbí kó máa dà á láàmú láti inú ọkọ̀ òfuurufú, nígbà tí àwọn èèyàn bínú sí bí wọ́n ṣe ń fi bàlúù pa ìkookò ní Alaska. Nígbà tí drone wá di ohun tí ọmọdé lè rà, Michigan ṣòfin tirẹ̀ ní 2015 pé kò sẹ́ni tó gbọ́dọ̀ fi í mú ẹran. Ọ̀rọ̀ tí wọ́n lò nínú òfin ọdẹ wọn fún "mú" yìí gbòòrò bí àwọ̀n apẹja: pípa wà nínú rẹ̀, lílé wà nínú rẹ̀, títẹ̀lé wà nínú rẹ̀, kíkó pàápàá wà nínú rẹ̀. Àjọ DNR tó ń mójú tó igbó àti ẹran wá ní wíwá èyí tó ti gbọta náà wà níbẹ̀.

Ní Ohio, òwò ni wọ́n ń fi ṣe. Ibẹ̀ ni Mike Yoder ti dá Drone Deer Recovery sílẹ̀, tí ọdẹ ń sanwó fún un kó bá wọn wá ẹran wọn láti òkè. Ní 2023 ó gbé Michigan lọ sílé ẹjọ́ àpapọ̀. Àròjàre rẹ̀ kò rí bí mo ṣe rò. Kò ní òun fẹ́ ṣọdẹ. Ó ní bí òun bá sọ fún ọdẹ pé "ẹran rẹ wà níbí", ọ̀rọ̀ lásán lòun sọ, òfin ilẹ̀ Amẹ́ríkà sì dáàbò bo ọ̀rọ̀ sísọ. Ilé ẹjọ́ kò gbà fún un.

"Ìwọ ńkọ́?" Ẹ̀gbọ́n bi mí. "Ta lo rò pé ó jàre?"

Mo sọ ohun tó wà lọ́kàn mi, n kò sì tíì yí i padà. Ajá kò lè rí ohun tí kò tíì fara gbọta. Ojú ẹ̀jẹ̀ ló ń tẹ̀ lé, ìwọ̀n ohun tí ọdẹ ti ṣe ló lè bá a rí. Drone rí gbogbo ohun tó ní ooru. Bó ti ń wá akọ tó gbọta yìí, yóò fi akọ méjì mìíràn tí ara wọn le hàn, ibi tí wọ́n sùn sí, ibi tí wọ́n máa gbà jáde lọ́la. Ta ló máa gbàgbé? Ìbẹ̀rù DNR kò burú. Ṣùgbọ́n òfin tó fẹ́ dá olójúkòkòrò dúró ti mú ẹni tó fẹ́ parí ìrora tó dá sílẹ̀ náà. Kò sí ẹni tó jókòó kó ya àwọn méjèèjì sọ́tọ̀.

"Ó dáa," ni wọ́n wí, wọ́n mú àkàrà kan sí i. "Ṣùgbọ́n ooru tí drone ń wá, nígbà tí ẹran bá ti kú tó sì tutù, níbo ló máa rí i?"

Aago 12:50 ọ̀sán

Ajá náà kò ga ju bàtà òjò mi lọ. Ará Jámánì ni ìran rẹ̀, ajá ẹlẹ́sẹ̀ kúkúrú, onírun gàn-ìn gàn-ìn, tí wọ́n fi ń wá ẹran tó gbọta. Ọ̀gbẹ́ni John Jeanneney, tó jẹ́ olùkọ́ ìtàn ní Yunifásítì Hofstra, wà lára àwọn tó sọ irú ajá yìí di mímọ̀ fún iṣẹ́ náà ní Amẹ́ríkà, láti New York, ní àárín àwọn ọdún 1970. Otto lorúkọ èyí.

Ìyá olájá kò kí wa pẹ́. Wọ́n ní níbo ni ìbọn wà. Ẹ̀gbọ́n ṣí búùtù ọkọ̀ hàn wọ́n: ó wà nínú àpò rẹ̀, kò sí ọta nínú. Wọ́n mi orí. Wọ́n wá fi bẹ́líìtì gbòòrò kan de Otto láyà, okùn rẹ̀ gùn tó ọgbọ̀n ẹsẹ̀ bàtà, àwọ̀ rẹ̀ ń tàn kí wọ́n lè máa rí i lórí ewé.

Wọ́n mú un débi ègé aṣọ pupa. Ó ki imú bọlẹ̀. Kò sáré. Ó ń mí, fìn fìn fìn, bí ẹni ń ṣọ́ ata lórí iná. Lẹ́yìn náà okùn náà fà le.

Aago 1:05 sí 2:10

Fún ọgọ́rin yáàdì àkọ́kọ́, èmi náà lè tẹ̀ lé e: ẹ̀kán kan níbí, ẹ̀kán kan lọ́hùn-ún. Lẹ́yìn náà, kò sí ẹ̀jẹ̀ mọ́. Ẹ̀gbọ́n dúró. Otto kò dúró.

"Kì í ṣe ẹ̀jẹ̀ nìkan ló ń gbọ́," ni ìyá olájá ṣàlàyé láì bojú wẹ̀yìn. Láàárín pátákò àgbọ̀nrín ibì kan wà tó ń sun òróró kan, ó ń fi sílẹ̀ ní gbogbo ibi tó bá tẹ̀. Ti olúkúlùkù yàtọ̀. Ajá tó bá gbọ́n á di ti ẹran kan mú, yóò sì gba àárín ipasẹ̀ ogún ẹran mìíràn kọjá láì yà.

A rí i ní ojúkoojú. Ipasẹ̀ tútù àwọn abo mẹ́ta gba iwájú wa kọjá, ẹrẹ̀ rẹ̀ kò tíì gbẹ. Otto yà sí i, ìṣísẹ̀ mẹ́rin. Ìyá olájá dúró gbagidi, wọ́n di okùn mú, wọn ò sọ nǹkan kan. Ajá náà gbé orí, ó wò wọ́n bí ọmọ tí wọ́n ká mọ́ ìdí ìkòkò ẹran. Ó yí po, ó padà, ó mú ipasẹ̀ tirẹ̀. Mo ronú nípa kámẹ́rà olóoru: àwọn abo mẹ́ta yẹn ì bá ti tàn lójú rẹ̀ bí iná.

Aago kan kọjá ogójì ìṣẹ́jú, ibùsùn. Koríko tẹ́ pẹrẹsẹ lábẹ́ igi tó ṣubú, ẹ̀jẹ̀ ṣú sí àárín rẹ̀, tó abọ́ ọbẹ̀ kan. Ẹran náà ti sùn síbẹ̀, ó sì ti dìde. Ìyá olájá fọwọ́ kan ẹ̀jẹ̀ náà: ó ti dì. "Fúnra rẹ̀ ló dìde. Ẹnikẹ́ni ò lé e."

Ibẹ̀ ni mo bi wọ́n nípa drone. Wọn ò bínú sí i. Wọ́n ní ohun kan wà tó lè ṣe tí Otto kò lè ṣe: ó lè wo ẹran láti òkè, kó rí i pé ó ṣì gbé orí, kó sì sọ fún ọdẹ pé kó padà sílé kó tún dúró. Ajá ní láti rìn dé ìdí rẹ̀ kó tó mọ̀. "Mo ti lé èyí tí kò yẹ kí n lé dìde rí," ni wọ́n wí, ohùn wọn sì lọ sílẹ̀.

Lẹ́yìn ibùsùn náà, ó kù ọgọ́rùn-ún yáàdì. A kan wáyà.

Aago 2:10 sí 3:35

Òdìkejì wáyà jẹ́ ilẹ̀ ẹlòmíì, oko sóyà tí wọ́n ti kórè, pẹ̀lú òpó igi tí wọ́n kọ ìkìlọ̀ mọ́. Irun àgbọ̀nrín mẹ́ta há sí wáyà òkè. Otto ti ki imú sábẹ́ rẹ̀, ó ń wa ilẹ̀.

Òfin ibí yìí rí báyìí: o kò gbọdọ̀ wọ oko olóko láì gbàṣẹ, ẹran tó gbọta rẹ ì báà wà níbẹ̀. Ohun kan ṣoṣo tí wọ́n yọ̀ǹda ni pé ẹni tí kò gbé ìbọn lè fẹsẹ̀ rìn wọlé láti mú ajá ọdẹ rẹ̀ jáde, bí onílẹ̀ kò bá ti kìlọ̀ fún un tẹ́lẹ̀.

Ẹ̀gbọ́n rò ó, ojú wọn là. "Ẹ jẹ́ ká tú Otto sílẹ̀. Ó máa sá wọlé. Àwa á wá lọ mú un."

Ìyá olájá rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú wọn. Ajá tó ń tọpa kò gbọdọ̀ kúrò lórí okùn. Òfin kan ṣí ilẹ̀kùn, èkejì tì í.

A pe onílẹ̀. Kò gbé e. Ẹ̀gbọ́n fi ọ̀rọ̀ ránṣẹ́ sí i. Wọ́n wakọ̀ lọ sílé rẹ̀. Ajá ńlá kan ló jáde, ènìyàn kankan kò jáde. Wákàtí kan àti díẹ̀ la fi dúró létí wáyà yẹn, òtútù bí ti inú fíríìjì, èyí tó jẹ́ àánú nítorí ẹran kò ní tètè bàjẹ́. Otto sùn lórí ẹsẹ̀ ìyá olájá. Ẹ̀gbọ́n kò sọ̀rọ̀. Mo mọ ohun tí wọ́n ń rò: pé bí ọ̀rẹ́ Toledo yẹn bá gbé drone rẹ̀ fò fún ìṣẹ́jú mẹ́ta péré, ó kéré tán a ó mọ̀ bóyá ó wà níbẹ̀ tàbí kò sí.

Aago mẹ́ta ààbọ̀, fóònù dún. Onílẹ̀ wà lórí ègùn tirẹ̀ láti ìdájí, ó pa fóònù mọ́. Ó ní kí a wọlé, kí a gba etí oko.

Aago 3:50

Kò pẹ́. Otto gba etí koto kan, ó wọ àárín ìgbẹ́ ẹlẹ́gùn-ún, okùn rẹ̀ sì rọ̀. Nígbà tí a débẹ̀, ó ti gun ìhà ẹran náà, ó ń fa irun rẹ̀ bí ẹni ń tu adìyẹ.

Ó ti kú ó ti pẹ́. Ẹsẹ̀ rẹ̀ ti le. Mo gbé ọwọ́ lé àyà rẹ̀ nítorí ọ̀rọ̀ tí Ẹ̀gbọ́n sọ láàárọ̀: ojú irun tutù bí ilẹ̀ tó wà lábẹ́ rẹ̀.

Ẹ̀gbọ́n kúnlẹ̀. Wọ́n di ojú rẹ̀ méjèèjì, wọ́n sọ nǹkan kan tí mi ò gbọ́ tán. Wọ́n so káàdì ìwé àṣẹ wọn mọ́ ìwo rẹ̀ lójú ẹsẹ̀, bí òfin ti wí; wọ́n ṣì ní wákàtí 72 láti fi í tó àjọ DNR létí lórí íntánẹ́ẹ̀tì. Nígbà tí wọ́n là á, ẹ̀dọ̀ ti ya sí méjì, ikùn kò ṣí. Wọ́n gé ẹyọ kan lára ọkàn rẹ̀, wọ́n gbé e fún Otto kí ẹnikẹ́ni tó fọwọ́ kan nǹkan mìíràn. Bàbá wọn náà, wọ́n ní, ajá ló ń kọ́kọ́ fún.

Ìyá olájá kò gba owó ju ti epo mọ́tò lọ. Ẹlòmíì ti ń pè wọ́n.

Aago 5:50 ìrọ̀lẹ́

Ilẹ̀ ti ṣú. A gbé ẹran náà kọ́ sínú gáréèjì, a jáde síta, à ń fi omi gbígbóná fọwọ́. Ìbọn ti dákẹ́ kárí ayé.

Lápá gúúsù, lókè àwọn igi, iná kékeré kan ń ṣẹ́jú. Ó lọ díẹ̀, ó dúró, ó yà, ó padà, ó ń gé ojú ọ̀run sí ìlà ìlà bí ẹni ń kọ ebè. Drone tó bá ń fò lálẹ́ gbọ́dọ̀ tan iná tí èèyàn lè rí láti máìlì mẹ́ta. Bẹ́ẹ̀ la ṣe rí i láti ibi tí a dúró sí. Ó ti kọjá ààlà. Ẹnì kan ń wá ẹran rẹ̀ ní Ohio.

Ẹ̀gbọ́n nu ọwọ́ wọn sára ṣòkòtò, wọ́n ń wò ó. Iná náà dúró lójú kan, ó sọ̀ kalẹ̀ díẹ̀, kò sì lọ mọ́.

"Ó ti rí i," ni wọ́n wí, wọ́n sì wọlé lọ pọ́n ọ̀bẹ.